Ọmọkùnrin Méjì Tó Wà Lára Wúrà Ilé Wa

Ọjọ́ Àìkú, 5 Òkúdù

Òjò ọdún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ibì kan ṣoṣo ni òrùlé ti ń jò, tààrà lókè àga mi. Mo ti sún àga náà.

Delna ọmọ-ọmọ mi ti délé. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ilé ìyá ẹni la sì ti ń bí àkọ́bí níbí. Sijo ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá láti Bangalore. Ó jẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹja tán, ó padà síbi iṣẹ́. Polson ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Muscat, wọ́n ní àwọn yóò dé kó tó bí. Nítorí náà, èmi àti Kunjeli ìyàwó mi la ó máa tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn ni pé òun, tí mo ń pè ní Ọ̀gágun, ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, èmi ni n óò máa ṣàníyàn. A ti pín iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìbejì ni ẹ̀rọ rí nínú rẹ̀. Gbogbo ẹbí ń sọ pé Àwọn Ẹni Mímọ́ Méjì ló dá wa lóhùn.

Lẹ́yìn Máàsì ni mo fi owó wúrà ilé wa kọ́ ọ lọ́rùn. Èmi ni àgbà ilé, èmi ló sì yẹ kó ṣe é. Mo fi okùn tuntun sí i. Mo fà á, mo tún fà á. Mo wo wúrà náà dáadáa kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀ bí bàbá mi ṣe fi wọ́n hàn mí — Mar Sabor lápá òsì, Mar Proth lápá ọ̀tún, àwọn ẹni mímọ́ tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ wa láyé àtijọ́. Aṣọ wọn balẹ̀. Àbẹ́là gígùn wà lọ́wọ́ kálukú. Búrẹ́dì mímọ́ rìbìtì-rìbìtì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Láàárín wọn, ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù tó ká lórí, àti ṣíbí tùràrí. Gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Aláìlójú wà. Orí èèyàn ni tẹ́lẹ̀. Kò nímú mọ́, kò lẹ́nu, ọrùn nìkan ló kù, torí ẹ̀yìn yẹn la máa ń dé mọ́ òkúta. Bí a bá bímọ nílé yìí, a ó lọ wúrà náà díẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò vayambu àti oyin, a ó fi kan ahọ́n ọmọ. Bàbá mi ní a kì í lọ ẹni mímọ́ mọ́ òkúta. Ẹni tí a kò mọ̀ ni kí a lọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún Polson, àti fún Delna ọmọ rẹ̀.

Oyún tó bàjẹ́ lára Delna lọ́dún tó kọjá, Bangalore ló wà nígbà náà, wúrà wà níbí nínú àpótí. Ohun tó sọ fún mi lónìí nìyí: "Bàbá àgbà, lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní bọ́ ọ." Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Òkúdù

Ẹsẹ̀ Delna wú. Ọ̀gágun ní ẹsẹ̀ gbogbo aboyún ló ń wú. Mi ò béèrè ti gbogbo aboyún.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Òkúdù

Ọsibítù. Dókítà Má-ṣe. Má jẹ iyọ̀, má gun àtẹ̀gùn, má dúró pẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ẹni tó ń bẹ̀rù bíi tèmi ni, àmọ́ òun lọ sílé ìwé fún tirẹ̀.

Ọ̀gágun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọjọ́ kìíní la ó fún àwọn ọmọ ní oyin tàbí ọjọ́ kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. Ó ní, "Mama, ẹ má fi oyin kan ọmọ tuntun lẹ́nu. Ẹ má fi gbòǹgbò kankan kàn án. Ó léwu."

Ọ̀gágun ní, "Kí wá ni ìyá tiyín fi kàn yín lẹ́nu?"

Ó wo tábìlì. "Wúrà àti oyin ni."

"Ẹ ò rí i. Ó sọ yín di dókítà."

"Ìdánwò ló sọ mí di dókítà, Mama. Wúrà ló sọ mí di olóríkunkun."

Delna rẹ́rìn-ín débi tó fi di ikùn rẹ̀ mú. Èmi nìkan ni ẹ̀rín yẹn bà lẹ́rù.

Ọjọ́ Ajé, 13 Òkúdù

Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ dáadáa, bóyá yóò fúyẹ́.

Shylaja Tíṣà wá kí Delna. Òun ló kọ́ ọ ní ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì wà lára àwọn tó ń hú ilẹ̀ èbúté àtijọ́ tó wà lódìkejì odò. Ó gbé máńgòrò wá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀, èmi ń gbọ́ láti ìta. Delna tẹ̀ síwájú láti bu tíì, wúrà náà sì yọ síta láti inú aṣọ rẹ̀.

Tíṣà mú un. Ó yí i padà. Ó tún yí i padà. "Ó dára gan-an," ló sọ. Mo mọ irú ó-dára-gan-an yẹn. Òun ni mẹkáníìkì máa ń sọ kó tó ṣí iwájú mọ́tò.

Mo sìn ín dé etí odò níbi tí ọkọ̀ ti ń gbé èèyàn sọdá. Abẹ́ agboòrùn ló ti bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ ní àwọn méjì yẹn jẹ́?" Mo sọ fún un. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀pá yẹn kì í ṣe ti bíṣọ́ọ̀bù kankan, àti pé ṣíbí yẹn kì í ṣe ti tùràrí. Ti àwọn àlùfáà òrìṣà Róòmù ni méjèèjì. Ohun tí à ń pè ní àbẹ́là, ọ̀kọ̀ ni. Ohun tí à ń pè ní búrẹ́dì, apata ogun ni. Ó ní wúrà Róòmù ni, èyí tí ọkọ̀ wọn fi ń ra iyèré lọ́wọ́ àwọn baba wa, nígbà tí kò tíì sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan níbikíbi láyé.

"Ọmọ ọba méjì ni wọ́n, Bàbá. Àwọn ni wọ́n yàn pé wọn yóò jọba. Ọba fi àwòrán wọn sára wúrà kí gbogbo ayé lè ti mọ̀ wọ́n sílẹ̀."

Mo béèrè bóyá wọ́n jọba dáadáa.

Ó pa agboòrùn rẹ̀ dé torí ọkọ̀ ti dé. "Wọn ò jọba. Àwọn méjèèjì kú kó tó kàn wọ́n. Wọ́n kéré."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Delna. Ó ní, "Ṣé mo jọ ẹni tó máa sọ ọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ jọ tíṣà." Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì gbé e lọ.

Ọmọkùnrin méjì tó kú. Ọmọ méjì nínú Delna. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Òkúdù

Kò bọ́ ọ. Ó sùn lọ́sàn-án, ó dì í mú bí ọmọdé ṣe ń di súìtì mú.

Ọjọ́bọ̀, 16 Òkúdù

Mo gbìyànjú. Mo sọ fún Delna pé okùn yẹn fẹ́ gbó, kó jẹ́ kí n gbà á pààrọ̀.

Ó wo okùn, ó wò mí. "Bàbá àgbà, ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ fi okùn yìí sí i. Ẹ fà á títí, mo rò pé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ fi so."

Ọ̀gágun gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó ń ha àgbọn. Ó pè mí wọlé, ó ní kí ni mo fẹ́ fi wúrà ọlọ́mọ ṣe. Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ti dán an wò nígbà èwe wa, kò ṣiṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ń ha àgbọn lọ. Ó ní, "Bàbá Polson, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń kí àwọn méjì yẹn láràárọ̀. Mo ti ro ẹjọ́ ìyá yín fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé wọ́n gbà pé mo jàre ni."

Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún Delna. Ó ní kí n wo Anthappan àbúrò mi, tó ṣì ń gun igi àgbọn nínú òjò lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ṣé kì í ṣe wúrà kan náà ni wọ́n fi kàn án lẹ́nu? "Wúrà tó bá fẹ́ pa èèyàn, ọ̀dọ̀ Anthappan ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Kò wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Òkúdù

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Paravur. Mo sọ fún Ọ̀gágun pé oògùn oríkèé ni mo fẹ́ rà. Ó ní kí n bá òun kí Tíṣà.

Tíṣà fún mi ní tíì. Mi ò bá a fọ̀rọ̀ gùn. Mo ní, "Kí ló pa wọ́n?"

Ó ní kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bi òun ní ìyẹn rí. Àìsàn ló pa àbúrò lẹ́nu ìrìn àjò. Ojú ogun ni wọ́n ti ṣe ẹ̀gbọ́n léṣe, ní ilẹ̀ tó jìnnà, ojú ọgbẹ́ náà kò jinná.

"Ọmọ ọdún mélòó?"

Àbúrò kò tíì pé ogún. Ẹ̀gbọ́n lé ní ogún díẹ̀.

Mo gbé ife sílẹ̀. "Wọ́n ti hu irùngbọ̀n?"

"Ó yẹ kí wọ́n ti hù ú."

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń sin ọmọ ọwọ́ méjì nínú ọkàn mi. Mo ní, "Tíṣà, ẹ ní wọ́n kéré." Ó ní lójú àwa onítàn, ọba tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún kéré. Mo ní nílé tiwa, ẹni tó kéré ni ẹni tí kò tíì lè dá jókòó. Ó bẹ̀ mí. Mo gbà á. Ẹ̀rù tó kù lára mi kò ju ìdajì lọ.

Ó wá ṣí ìwé kan, ó fi irú wúrà náà hàn mí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lọ̀ mọ́ òkúta rí. Mo rí Ọ̀gbẹ́ni Aláìlójú pẹ̀lú ojú rẹ̀. Imú gbọọrọ, ewé lórí bí adé. Ó ní Késárì Ọ̀gọ́sítù ni. Èyí tí wọ́n máa ń ka orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Gbogbo ọdún ni mo ń gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí òun alára wà nínú àpótí mi.

"Òun ni bàbá wọn?"

"Bàbá àgbà wọn ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló bí wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ́mọkùnrin, ó gbà wọ́n sọ́dọ̀, ó sọ wọ́n di tirẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń kọ́ wọn ní ìwé àti odò wíwẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n fi wọ́n sẹ́yìn orí òun lára wúrà." Ó ní Gáíù àti Lúkíù lorúkọ wọn.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń rò ó. Ọkùnrin yìí ní ọmọ ogun, ó ní ọkọ̀, ó ní dókítà tó pọ̀ ju ti ọsibítù wa lọ. Síbẹ̀ ó lọ ń tẹ àwọn ọmọ náà sára wúrà, ó ń rán wọn káàkiri ayé, bí ẹni pé bí a bá ti mọ̀ wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa níbí, nǹkan kan kò ní lè ṣe wọ́n. Mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn. Iṣẹ́ mi ni.

Mo gbàgbé oògùn oríkèé. Ọ̀gágun kò béèrè rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20 Òkúdù

Àníyàn tuntun. Bí wọ́n bá lé ní ogún ọdún, wọn yóò fẹ́ gun alùpùpù. Sijo ti ní ọ̀kan.

Ọjọ́rú, 22 Òkúdù

Delna ní kí ló dé tí mo máa ń wo ọrùn òun. Mo ní òtútù ni mò ń ṣọ́. Ó ní òtútù kì í gba ọrùn wọlé. Mo ní láyé tiwa, ó ń gbà á.

Ara rẹ̀ yá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i kà: ara rẹ̀ yá, ó jẹun, àwọn ọmọ ń tapá.

Ọjọ́rú, 29 Òkúdù

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè. Dókítà Má-ṣe dá a dúró sí ọsibítù. Kò fi ẹnu bẹ̀rẹ̀ "má" kankan lónìí, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n bọ́ gbogbo ohun ọ̀ṣọ́. Ó tú okùn ọrùn rẹ̀, ó fi wúrà lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí mo ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyí. Mo dúró, mo dì í mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá nọ́ọ̀sì jà. Mo ní kó dá a padà. Mo ní ọmọ yìí kò gbọdọ̀ wà láìsí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, bí iná ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ bá jó o lọ́rùn, ṣé ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú rẹ̀?" Ọ̀gágun fà mí lápá.

Delna wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń dà lójú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. "Bàbá àgbà, ẹ mú un lọ́wọ́. Ẹ má jù ú sápò."

Mo mú un lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Agẹmọ

Wọ́n ti là á. Ọkùnrin méjì.

Àkọ́kọ́ ké, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́. Èkejì kéré, kò ké. Wọ́n gbé e kọjá níwájú wa nínú aṣọ funfun, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí dígí. Delna ń sùn, ó wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Sijo dé lọ́sàn-án. Ó fi orí ti dígí. Mo ti gbàgbé pé ọmọdé lòun náà.

Nígbà tí mo ṣí ọwọ́ mi, àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ti tẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Agẹmọ

Ọjọ́ Tọ́másì Mímọ́. Mi ò lọ sí Máàsì. Ọ̀gágun ló lọ, òun àti Polson, tó dé láti Muscat lánàá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Mo dúró ti dígí. Ẹni kékeré ń fi ẹ̀rọ mí. Ó ga tó ọwọ́ mi àti díẹ̀.

Mo sọ fún un ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ fún un pé mi ò mọ odò wíwẹ̀, àmọ́ mo lè kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Mo ní bàbá àgbà kan ti ṣe èyí rí, kò yọrí sí rere fún un, àmọ́ èmi yóò ṣe é, torí èmi ti ń ṣàníyàn pẹ́ ju òun lọ, ó sì ti mọ́ mi lára.

Mo sì sọ pé yóò yè. Mo kọ ọ́ síbí, mo fa ìlà sí i nídìí. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìwé yìí.

Ọjọ́rú, 6 Agẹmọ

Wọ́n yọ ẹ̀rọ ní imú rẹ̀. Ó ń mí fúnra rẹ̀. Dókítà Má-ṣe ní kí n má sunkún síwájú dígí, yóò rí bàìbàì.

Ọjọ́ Ajé, 11 Agẹmọ

Gbogbo wọn ti wà nílé.

Delna ló bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa wúrà kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí oyin, kò sí gbòǹgbò. Omi ọmú rẹ̀ nìkan, kí a kàn fi kan ètè. Dókítà wo òkè àjà títí. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ se òkúta náà kó hó. Ẹ se wúrà náà." Ọ̀gágun se méjèèjì nínú ìkòkò ìrẹsì, ó ń kùn pé láti ìgbà tóun ti dáyé, òun ò se òkúta fún ẹnikẹ́ni jẹ rí.

Wọ́n gbé òkúta síwájú mi. Delna jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mi kò lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọ̀gágun fi ojú kọ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀, apata, Gáíù, Lúkíù, ikú wọn, bàbá àgbà wọn, gbogbo rẹ̀.

Delna gbọ́ ọ tán. "Ìyá àgbà náà mọ̀?"

"Ó mọ̀," mo ní.

"Ẹ wá ń wò mí. Ẹ ń wò mí tí mo ń bá ọmọ ọba Róòmù sọ̀rọ̀ láràárọ̀."

Ọ̀gágun ní, "Èmi ti bá wọn sọ̀rọ̀ jù ọ́ lọ."

Delna bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ojú abẹ ń dùn ún, kò sì lè dáwọ́ dúró. Ó gba wúrà lọ́wọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ojú kò sí. Ẹ̀rín rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Èyí sì ni bàbá àgbà wọn?"

"Òun ni."

"Ta ló jẹ ojú rẹ̀?"

"Gbogbo wa. Ìwọ náà."

Mo wá sọ ohun tí mo ti ń rò fún un. Pé a lè yí i padà lónìí. Kí a máa lọ apá tí àwọn ọmọ náà wà, títí wọn yóò fi parẹ́, kí ẹnikẹ́ni nílé yìí má tún gbé ikú ọmọ ẹlòmíràn kọ́rùn. Mo ní òun ni ìyá ọmọ, kó mú ọ̀kan.

Kò ronú pẹ́. Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ náà lókè.

"Ẹ dojú bàbá àgbà dé òkúta," ló ní. "Òun ló yẹ kó gbó. Àwọn ọmọ ni kó ṣẹ́ kù."

Mo dojú rẹ̀ dé. Mo lọ̀ ọ́. Ẹni kékeré ló kọ́kọ́ la ẹnu.